Kí Ẹ Tó Ra Jẹnẹrétọ̀ Nítorí A.C.

Ẹni tó bá ti ra jẹnẹrétọ̀ rí mọ ìbéèrè tí gbogbo wa máa ń bi ẹni tó ń tà á: "Ṣé ó lè gbé A.C.?" Ó mọ ìdáhùn rẹ̀ náà. Mi ò tíì rí ọ̀kan nínú wọn tó sọ pé rárá.

Bí èmi náà ṣe ra tèmi nìyẹn. Ooru oṣù Kẹta ni, ooru Ìbàdàn tí kì í jẹ́ kí àgbàlagbà sùn, ìyá mi sì wà lọ́dọ̀ wa. A.C. yàrá wọn jẹ́ 1.5 HP, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní họ́ọ̀sì kan ààbọ̀. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tà fún mi jẹ́ 2.5 KVA. Mo ti ṣírò rẹ̀ sórí bébà kí n tó kúrò nílé: A.C. ń lo nǹkan bíi wáàtì 1,200 bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ, jẹnẹrétọ̀ lè gbé 2,000, ó ṣẹ́ku 800 fún fáànù àti tẹlifíṣọ̀n. Ìṣirò náà gún régé. Nígbà tí NEPA mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tan jẹnẹrétọ̀, mo tan A.C. Gílóòbù ṣẹ́jú, jẹnẹrétọ̀ kérora bí ẹni tí ẹrù já lé lórí, gbogbo ilé sì ṣókùnkùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dán an wò. Ìyá mi ló pè mí láti inú yàrá pé, "Àkànní, fi í sílẹ̀ kó má baà jóná. Wá bá mi ṣí fèrèsé."

Ohun tí mi ò kà mọ́ ìṣirò mi nìyí. Ẹ wo obìnrin tó fẹ́ ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì lọ sí ọjà Bódìjà. Bí ẹrù bá ti wà lórí rẹ̀, ó lè rìn ín débẹ̀ kó sì máa bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwàdà lọ. Ṣùgbọ́n láti ilẹ̀ dé orí, àfi kí ẹnì kan bá a gbé e rù. Bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ inú ẹ̀rọ amúlétutù ṣe rí gan-an nìyẹn. Mọ́tò rẹ̀ dúró sójú kan, gáàsì ń tì í padà, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ gbéra. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré, tàbí kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, iná tó ń fà lè tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́fà iye tí yóò máa lò bó bá ti ń yí. A.C. tó ń lo áńpù mẹ́fà lè bèèrè fún 25 tàbí 30 lẹ́ẹ̀kan náà. Iná NEPA kò ní mọ̀ ọ́n lára, torí pé odindi àdúgbò ló ń gbé. Jẹnẹrétọ̀ yín, òun nìkan ni.

Bí agbára rẹ̀ ò bá ká a, ọ̀rọ̀ ọ̀hún kọjá kí A.C. kàn kọ̀ láti tan. Fóòtì á wálẹ̀, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á máa jà fitafita láìyí, waya inú rẹ̀ á sì máa gbóná. Bí waya yẹn bá jó, owó tí ẹ máa fi pààrọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ra A.C. mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí mo dán an wò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, orí ló kó mi yọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó dé ìsọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ bọ́ síta kí ẹ lọ ka àkọlé tó wà lára A.C. yín. Ẹ má fi HP rẹ̀ ṣe ìṣirò iná. Lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, 1 HP jẹ́ wáàtì 746, ṣùgbọ́n HP ti ọjà A.C. ń sọ bó ṣe lè mú yàrá tutù tó ni: 1 HP dúró fún nǹkan bíi 9,000 BTU, 1.5 HP fún 12,000. Áńpù ni kí ẹ wá. Lára àwọn mìíràn, ẹ máa rí lẹ́tà mẹ́ta yìí, LRA. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni iye áńpù tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń fà nígbà tó fẹ́ gbéra. Òun lọba gbogbo ìṣirò. Bí òjò àti oòrùn bá ti pa àkọlé náà rẹ́, oníṣẹ́ A.C. tó ní clamp meter lè wọ̀n ọ́n fún yín láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ara jẹnẹrétọ̀ náà lọ́rọ̀ lẹ́nu. Iye méjì ló sábà máa ń wà níbẹ̀, Rated àti Max. Max lohun tó lè gbé fún ìgbà díẹ̀; Rated lohun tó lè gbé mọ́jú. Ẹni tó ń tà á yóò ka Max sí yín létí. Bí wọ́n bá kọ 5 KVA tí wọ́n sì kọ 0.8 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wáàtì 4,000 lẹ ní, kì í ṣe 5,000. Nọ́ńbà gàgàrà tó wà nínú orúkọ ẹ̀rọ ńkọ́? Orúkọ ni. Ẹni tó ń jẹ́ Ọlọ́rọ̀ nílé wa kò lówó ọkọ̀ lọ́wọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ tẹnu mi: A.C. ayé àtijọ́ tó jẹ́ 1 HP, pẹ̀lú fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù, kò yẹ kó rí jẹnẹrétọ̀ tó dín sí 3 KVA lójú, Rated ni mo wí. Ti 1.5 HP, ẹ wá 5. Bí fírísà àti ẹ̀rọ tó ń fa omi bọ́ọ̀hòlù bá tún wà nílé, ẹ ro iye tí gbogbo wọn ń lò pọ̀, kí ẹ wá fi ìgbéra èyí tó tóbi jù nínú wọn lé e. Kékeré yẹn tí à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour, tó ń gbé nǹkan bíi wáàtì 650, ẹ jẹ́ kó máa tan gílóòbù rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ń lọ kọ́ nìyẹn. Ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ kí ẹ gbà ni pé kí ẹ dín ẹrù kù kí ẹ tó wá alágbàárù tó lágbára. A.C. oní-inverter wà lọ́jà báyìí. (Mi ò sọ ti inverter oníbátìrì tí à ń fi tọ́jú iná o, orúkọ ló pa wọ́n pọ̀.) A.C. yìí kì í já ẹrù lé ẹnikẹ́ni lórí. Díẹ̀díẹ̀ ni mọ́tò rẹ̀ ń gbéra, bí ẹni tó kọ́kọ́ gbé apẹ̀rẹ̀ lé orúnkún, tó gbé e dé àyà, kó tó sọ ọ́ sórí. 2.5 KVA tó kú mọ́ mi lọ́wọ́ lè gbé 1.5 HP irú rẹ̀. Ẹni tí kò tíì lówó àtipààrọ̀ A.C. lè ní kí oníṣẹ́ fi soft starter sí èyí tó wà nílẹ̀. Ìgbéra rẹ̀ á fúyẹ́ gan-an.

Ẹlòmíràn á ní owó A.C. tuntun pọ̀. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká ka owó èkejì náà. Jẹnẹrétọ̀ bẹntiróòlù tí à ń lò nílé gbọ́dọ̀ máa yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan kí iná rẹ̀ tó lè dà bíi ti NEPA, yálà A.C. ló gbé tàbí gílóòbù kan ṣoṣo. Ẹ́ńjìnnì ńlá kì í yí lásán láìmu epo. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà kan fò láti nǹkan bíi náírà 185 sí 488 ní Èkó láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sí ẹni tí mo ní láti ṣàlàyé ìyókù fún. Torí ìgbéra tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ẹ ó máa bọ́ ẹ́ńjìnnì ràgàjì ní gbogbo òru.

Bí iná bá lọ, ẹ dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ẹ tó tún tan A.C., kí gáàsì inú rẹ̀ lè rọlẹ̀. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí gáàsì ṣì ń tì ṣòroó gbéra ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ tan A.C., kó balẹ̀, kí àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e.

Àwọn kan lára àwọn èèyàn wa tó wà ní Houston, ní Texas, ní ti wọn ń lo heat pump, A.C. tó lè yí iṣẹ́ rẹ̀ padà, kó máa kó ooru ìta wọlé nígbà òtútù. Ọ̀rọ̀ ìgbéra kan náà ni, àmọ́ ọ̀tá mìíràn tún sá pamọ́ síbẹ̀: irin agbóná inú ilé tó máa ń dá tan bí òtútù bá le, tó lè gba kílówáàtì 5 sí 15 lórí ti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Ẹ ní kí oníṣẹ́ yọ ọ́ kúrò lórí jẹnẹrétọ̀. Nígbà òtútù oṣù Kejì ọdún 2021 tí iná lọ káàkiri Texas, àwọn kan gbé jẹnẹrétọ̀ sínú gáréèjì, èéfín sì pa wọ́n. Èéfín tí mò ń wí yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, fèrèsé ṣíṣí kò sì tó o. Ìta gbangba ni kí ẹ̀rọ wà, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20 sí fèrèsé ẹnikẹ́ni, ti aládùúgbò náà wà níbẹ̀. Kí ẹ sì fi change-over sí i, èyí tó ń ya iná jẹnẹrétọ̀ sọ́tọ̀ sí ti NEPA. Ẹni tó bá ki waya jẹnẹrétọ̀ bọ ihò iná ara ògiri lè pa òṣìṣẹ́ tó wà lórí òpó níta.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ra jẹnẹrétọ̀, ẹ mú kẹ́tù iná tó jẹ́ wáàtì 2,000 dání lọ sọ́jà, pẹ̀lú mítà tó ń wọn fóòtì. Ẹ pọn omi sí kẹ́tù náà, ẹ tan án lórí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n pè ní 2.5 KVA kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó ń tà á á máa fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kó rín in tẹ́rùn. Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa wo mítà títí omi yóò fi hó.