Pẹ́lẹ́ẹ̀tì igi: ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà tó gba àwọn onísọ́míìlì Ìbàdàn níyànjú pé kí wọ́n máa fún lẹ́búlẹ́bú igi pọ̀ di pẹ́lẹ́ẹ̀tì ìdáná, kí wọ́n sì máa kó o lọ sí Yúróòpù. Òótọ́ ni pé ohun tí à ń dáná sun dànù lè di owó. Ìṣirò rẹ̀ ni n kò fara mọ́.

Pẹ́lẹ́ẹ̀tì tí Yúróòpù ń rà, omi inú rẹ̀ kì í ju ìdá 10 nínú 100 lọ. Ìlàjì ìwọ̀n lẹ́búlẹ́bú igi tútù lè jẹ́ omi. Owó díísù ni gbígbẹ yẹn. Ẹ ro owó ọkọ̀ láti Ọjọ́ọ̀ ní Ìbàdàn dé èbúté Àpápá ní Èkó mọ́ ọn, kí ẹ tó kan ti ọkọ̀ òkun. Ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Drax ní England ń sun ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù pẹ́lẹ́ẹ̀tì lọ́dún. Ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà (USA) ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá, owó ìrànwọ́ ìjọba ló sì ń gbé e ró. Sọ́míìlì wa kò lè bá wọn du ọjà yẹn.

Àwọn oníbàárà wa wà nílé. Ìyá olóńjẹ ṣì ń ki lẹ́búlẹ́bú mọ́ ìgò láàárín agolo, á fa ìgò yọ, á tanná sí ihò ìsàlẹ̀, èéfín á sì gba ojú rẹ̀. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì gbígbẹ nínú àdògán tó bá a mu yóò dín èéfín náà kù.

Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti FRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ti Nàìjíríà tó wà ní Jẹ́ríkò, bá wa bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà ilé yìí.

Òǹkàwé yín,
Ọjọ́ọ̀, Ìbàdàn.