Ọbẹ̀ Olú ní Ilé Wa

Òǹkàwé wa kan ní Ìkàrẹ́ béèrè bí a ti ń se ọbẹ̀ olú àti ọkà báálì, èyí tí ọmọ rẹ̀ tí ń bẹ ní òkè òkun ń ròyìn fún un. Àwọn ará Pólándì a máa se é nígbà òtútù. Ọbẹ̀ tí ó ki ni, ṣíbí ni a fi ń mu ún, kò sì béèrè òkèlè.

Báálì ni ọkà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kórè nígbà tí Náómì àti Rúùtù dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Àwa kì í gbìn ín ní Àkókó, ṣùgbọ́n ọkà bàbà wà. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fi òfin dé kíkó báálì wọlé ní 1988, bàbà àti àgbàdo ni àwọn apọntí yí sí. Bí apọntí bá rí ọ̀nà, ìyá ilé kò gbọdọ̀ sọ pé òun kò rí.

Rẹ bàbà ife 1 sínú omi mọ́jú. Ní òwúrọ̀, sè é nínú omi ife 8 fún wákàtí 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí yóò fi rọ̀. Fi omi gbígbóná rẹ olú gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ 2. Má ṣe da omi rẹ̀ nù, nítorí inú rẹ̀ ni adùn wà. Sẹ́ ẹ kí iyanrìn má bàa bá a lọ. Fi epo díẹ̀ dín àlùbọ́sà, da olú sí i, lẹ́yìn náà kí o da gbogbo rẹ̀ àti omi olú sínú ìkòkò bàbà, pẹ̀lú ata, iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ. Àwa kì í fi irú sí i, nítorí a máa borí òórùn olú; ẹni tí kò lè ṣe aláìfi irú sí ọbẹ̀, a kò ní bá a jà.

Ṣùgbọ́n irú olú wo ni? Nígbà tí a ń gbé ní Ọ̀kà, àwọn ọmọ wa já olú funfun ńláńlá wálé láti orí pápá lẹ́yìn òjò. Inú wa dùn, a sì ti gbé ìkòkò kaná. Ìyá àgbà kan ní ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó yí ọ̀kan padà, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó ní, “Ìyàwó, ta ni ó já èyí fún ọ?”

Àbíkẹ́yìn wa dáhùn pé, “Ìyá àgbà, ìgbín ti jẹ lára rẹ̀, kò sì kú.”

“Ọmọ mi, ikùn ìgbín kì í ṣe ikùn rẹ.” Ó sì kó gbogbo rẹ̀ dà sí kòtò. Èyí tí ó ti tọ́ ọ wò ní tútù nínú àwọn ọmọ náà bì títí ilẹ̀ fi ṣú.

Abẹ́ olú pápá yìí a máa di àwọ̀ ewé bí ó bá gbó, ṣùgbọ́n nígbà èwe rẹ̀ funfun ni, ojú nìkan kò sì lè mọ̀ ọ́n. Olú inú ilé ikán ní ìdí gígùn tí ó wọ inú ilẹ̀ lọ bí ìrù. Ṣíbí fàdákà tí kò dúdú kò jẹ́rìí ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ ni iná kì í pa oró olú gbogbo. Oró mìíràn wà tí í fara pamọ́ fún wákàtí 6 sí 24 kí èébì tó bẹ̀rẹ̀, tí í sì í ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ mú èyí tí ó ṣẹ́kù nínú olú náà dání. Lọ́wọ́ àwọn àgbà obìnrin tí a mọ̀ lọ́jà nìkan ni àwa ń rà á nísinsìnyí.

Bí ọbẹ̀ náà bá di ọjọ́ kejì, bàbà yóò ti fa omi rẹ̀ mu. Ẹ bu omi gbígbóná díẹ̀ sí i kí ẹ tó gbé e kaná.