Ta Ló Rán Yín sí Ẹja?

Ẹ̀yin èwe Kabba, ìbáwí ni mo mú wá.

Ta ló sọ fún yín pé ẹja tó bá ń mí lórí omi kò nílò omi tó dáa? Ẹ ń kó ẹja betta wá láti Èkó àti Àbújá, ẹja pupa, ẹja aláwọ̀ aró, lẹbẹ rẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bí agbádá, ẹ wá há a mọ́ ìgò tí omi inú rẹ̀ kò tó ẹnì kan mu. Bí a bá bi yín, ẹ ó gbó wa lẹ́nu: "Bàbá, kì í kú, afẹ́fẹ́ ló ń mí." Òótọ́ ni, ó ń yọjú gba afẹ́fẹ́. Àrọ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló fi ń pẹ́ láàyè nínú bàsíà àwọn ìyá ẹlẹ́ja. Ṣé ẹ wá rí àrọ̀ tí inú bàsíà tẹ́ lọ́rùn? Nítorí pé kò tètè kú lẹ ṣe rò pé ìyà kò jẹ ẹ́.

Ìgbẹ́ rẹ̀ àti oúnjẹ àjẹkù tí ẹ dà lé e lórí ló ń di májèlé ammonia. Omi lè mọ́ gaara lójú, kó sì máa jó ẹja lára. Etí lẹbẹ rẹ̀ á máa já wẹ́wẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, á rọra lọ dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò. Ẹ ó ní ó ń sùn. Oorun wo?

Betta tó rí ìtọ́jú ń lo ọdún 2 sí 4, òmíràn a tó 5. Tiyín kì í rí ọ̀yẹ́ kan kọjá. Ní Táílándì, níbi tí wọ́n ti sọ ọ́ di ẹja orílẹ̀-èdè lọ́dún 2019, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló mọ̀, 24 sí 28 Celsius. Ní Kabba, àgbàlagbà ń da aṣọ méjì bora lóru ọ̀yẹ́, ẹja yín wà lójú fèrèsé! Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹ wá àpótí gíláàsì tó gba lítà 20, kẹ́ ẹ sì dé e, torí ó máa ń fò. Akọ méjì kì í gbé pọ̀, wọ́n á fa ara wọn ya. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ bu bí ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà dànù, kẹ́ ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti ewé. Ẹ ń fowó ra ewé gbígbẹ tí ẹ ó jù sómi ẹja lórí íntánẹ́ẹ̀tì! Ewé fúrúùtù mà ni, igi tí ẹ ń sọ lókò nílé ẹ̀kọ́. Ẹ ṣa èyí tó gbẹ tó já fúnra rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jù ú sómi. Omi á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹ má bẹ̀rù, irú omi tí àwọn baba ńlá betta ń gbé nìyẹn, láàárín koríko àti oko ìrẹsì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin àrọ̀ nínú tapólì lẹ́yìnkùlé, ẹ má fi àwọn tó ń sin betta rẹ́rìn-ín. Àrọ̀ tó lè gbé ju ọdún 8 lọ nínú odò, ẹ ń kó o há mọ́ra, omi ń rùn dé ojúde, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ahmadu Bello sì wà nílùú yìí, ẹ ò yà bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ẹni tí betta bá sú, kó fún ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀. Ẹ má dà á sódò o, àlejò ni. Bó bá sì jẹ́ ẹja jíjẹ ló ń wù yín látìgbà yìí wá, ẹja Lọ́kọ́ja wà lọ́jà.