Ẹnì Kan Gba Ẹ̀bùrú, Gbogbo Wa La San Án



Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì wa ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Nursing and Midwifery Council, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí sílẹ̀ nílùú Ọba níbí, kéde pé èsì ìdánwò láti ibùdó kan ní Ìbàdàn kò mọ́ rárá. Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ni, èyí tí nọ́ọ̀sì tó kàwé lókè òkun gbọ́dọ̀ yege kó tó lè ṣiṣẹ́ níbí. Àwọn kan tètè parí rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìfura sì ni pé ẹlòmíràn ló jókòó ṣe é fún wọn.

Àwọn tó ṣe ìdánwò níbẹ̀ tí orúkọ wọn ti wà nínú ìwé àjọ náà lé ní 500. Nínú wọn, 48 ni ìfura náà le lórí. Àwọn tó kù ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ká magomágo mọ́ wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àjọ náà ní òun kò lè gbẹ́kẹ̀ lé èsì kankan láti ibùdó yẹn mọ́. Gbogbo wọn ni wọ́n ní kí wọ́n tún ìdánwò ṣe.

Ẹ rò ó wò. Ẹni tó kàwé mọ́jú, tó yáwó alájẹsẹ́kù kó tó wọkọ̀ òfuurufú, tó ti ń tọ́jú aláìsàn láìlábùkù, òun náà ló tún padà sídìí ìwé, tí àyà rẹ̀ ń já pé bí òun bá fìdí rẹmi, iṣẹ́ lọ, ìwé ìgbélùú lọ. Ó ń jíhìn fún ọ̀gá rẹ̀ lórí ohun tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ṣebí oúnjẹ òòjọ́ ni àwọn tó ṣe magomágo ń wá. Rárá o. Ìṣirò ìwọ̀n oògùn wà nínú ìdánwò náà. Lọ́jọ́ tí ẹni tí wọ́n bá ṣe é bá dá wà pẹ̀lú aláìsàn lóru, tí abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó bá a ṣe ìdánwò kò ní sí níbẹ̀.

Nítorí náà, bí àbúrò yín bá ní kí ẹ fowó ránṣẹ́ fún “ẹni tó máa bá òun ṣe é”, ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Owó ìwé àti owó ẹ̀kọ́ ni kí ẹ san fún un. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àgbà tó wà láàárín wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda wákàtí kan lọ́sẹ̀ láti bá àwọn tó ń bọ̀ ṣe ìṣirò náà lórí fóònù. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó wáyé.