Ẹ Bèèrè Wáyà Ilẹ̀ Kí Ẹ Tó San Owó Tó Kù

  

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù dópin, tí owó iná àwọn tí ó wà ní Band A sì fò dé ₦225 lórí yúníìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti kọjú sí sólà. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé bí a bá fẹ́ rà á, a ó bèèrè iye bátìrì, a ó bèèrè bóyá yóò gbé fírísà. Wáyà ilẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í bèèrè.

Ìyá kan tí ń ta ẹja dídì ní Akínmọ̀ọ́rìn níhìn-ín sọ fún mi pé láti ìgbà tí wọ́n ti so sólà mọ́ iná ilé òun ni fírísà ti ń ta òun lọ́wọ́. Ó wá ń wọ bàtà rọ́bà kí ó tó ṣí i. Mo ní, “Ìyá, bàtà kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ọmọ-ọmọ yín tí kì í wọ bàtà ńkọ́?” Wọ́n dákẹ́.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Iná tí ó bá jò sí ara irin ń wá ọ̀nà gba inú ilẹ̀ padà sí ibi tí ó ti wá. Bí kò bá rí wáyà, ara ènìyàn ni yóò gbà. Ìdí nìyí tí a fi ń fi wáyà so ara irin gbogbo mọ́ ọ̀pá bàbà tí a rì mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀pá nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Iná ilé wa jẹ́ volt 230. Bí ìdènà ilẹ̀ bá jẹ́ ohm 50, ẹ fi 50 pín 230: ampere 4.6 péré ni yóò gba ibẹ̀ kọjá. Fíúsì ampere 13 kò ní já, iná yóò sì wà lára fírísà síbẹ̀. Nígbà ọyẹ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ, ìdènà náà á tún pọ̀ sí i. Nítorí náà ni a ṣe nílò bíríkà tí ń ṣọ́ ìjò iná, èyí tí ń já bí ìjò bá ti tó ìdá 30 nínú 1,000 ampere kan.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Bí iná IBEDC bá lọ, ọ̀pọ̀ inverter a máa já ilé kúrò lára wáyà òde, níyútírà pẹ̀lú. Bí oníṣẹ́ kò bá ṣètò kí níyútírà inverter kan wáyà ilẹ̀ ní àkókò náà, bíríkà olùṣọ́ lè máa wòran nígbà tí iná bá gbé ènìyàn.

Nítorí náà, kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ bèèrè ohun mẹ́ta. Èkíní, kí ó fi wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò hàn yín láti ara férémù páńẹ́lì, ara inverter àti gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo wọn sì pàdé ní ojú kan. Èkejì, kí ó fi ẹ̀rọ wọn ìdènà ilẹ̀, kí ó sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Ẹ̀kẹta, kí ó fi ẹ̀rọ ìdánwò dán bíríkà olùṣọ́ wò láti sọ́kẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀ẹ̀mejì: nígbà tí iná IBEDC wà, àti nígbà tí ó lọ. Bọ́tìnnì ara bíríkà nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹ bèèrè ìwé ẹ̀rí NEMSA lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ó bá ní kò pọn dandan, ẹ wá ẹlòmíràn. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ẹ̀yin ará mi.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.