Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ̀ Wá Kò Gbọdọ̀ Jẹ́ Adájọ́ Ara Wa



Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn nílẹ̀, ó sì yẹ ká dá a lóhùn kó tó di àṣà. Wọ́n ní: "Ènìyàn ló ń ṣe ojúsàájú, ẹ̀rọ kì í ṣe é." Ẹ̀rọ tí wọ́n ń wí ni ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá, tí àwọn ọmọ wa tó ka ìwé Faransé ń pè ní IA. Wọ́n á kó àkọsílẹ̀ àìsàn ọ̀pọ̀ ènìyàn fún un, á fi kọ́gbọ́n. Lẹ́yìn náà, á wo ẹni tuntun, á ní: "Àtọ̀gbẹ ń bọ̀ wá bá eléyìí. Eléyìí kò ní ìṣòro kíndìnrín." Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti gbé ètò orílẹ̀-èdè kalẹ̀ lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá, láti 2023 dé 2027, ètò ìlera sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu ọ̀nà wa nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ ojú abẹ níkòó: irọ́ ni pé ẹ̀rọ kì í ṣe ojúsàájú. Ọmọdé tí kò dé oko baba ẹlòmíì rí, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Bí ẹ̀rọ náà ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Oko tí wọ́n bá mú un dé nìkan ló mọ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá níbẹ̀ ń lo ẹ̀rọ kan láti yan àwọn aláìsàn tó yẹ kí wọ́n fún ní ìtọ́jú àfikún. Lọ́dún 2019, Ziad Obermeyer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú àṣírí rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Science. Owó tí wọ́n ń ná lórí aláìsàn ni ẹ̀rọ náà ń wò, kì í ṣe àìsàn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí àìsàn dúdú àti funfun bá tiẹ̀ dọ́gba, owó tí wọ́n ń ná lórí dúdú ló kéré. Ni ẹ̀rọ bá ní ara dúdú le koko! Nínú àwọn tí ẹ̀rọ yàn fún ìrànlọ́wọ́, 17.7 nínú 100 ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ká ní ó wo àìsàn bó ṣe yẹ ni, 46.5 nínú 100 ni ìbá jẹ́. Ẹ̀rọ yẹn kò sì béèrè àwọ̀ ẹnikẹ́ni o. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò kórìíra ẹnikẹ́ni. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ ló wọ́.

Ìṣirò kíndìnrín ńkọ́? Láti 1999, àwọn dókítà Amẹ́ríkà ń lo ìṣirò kan tó máa ń bu ìdá 16 sí 21 nínú 100 kún èsì aláwọ̀ dúdú, nítorí àwọ̀ rẹ̀ lásán. Lórí ìwé, kíndìnrín rẹ̀ á dára ju bó ṣe rí nínú ara lọ. Ẹni tó yẹ kó ti wà lórí ìlà àwọn tó ń retí kíndìnrín tuntun á ṣì máa jókòó sílé. Ó di 2021 kí wọ́n tó ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ní 2023, wọ́n pàṣẹ pé kí àwọn ilé ìwòsàn dá àkókò tí wọ́n fi du àwọn ènìyàn wọ̀nyí padà fún wọn. Ó dáa. Ta ni á dá ti àwọn tó ti kú padà? Nínú wọn sì ni ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kó gba etíkun wa kọjá wà.

Ẹnìkan á ní: "Amẹ́ríkà nìyẹn, kí ló kàn wá?" Ó kàn wá dé inú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ìwádìí àgbáyé tí wọ́n ń pè ní HapMap bẹ̀rẹ̀ ní 2002, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn. Nínú 270 ènìyàn tí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, 90 jẹ́ Yorùbá. Títí dòní, lẹ́tà YRI, tó dúró fún Yorùbá Ìbàdàn, wà nínú kọ̀ǹpútà àwọn onímọ̀ káàkiri ayé. Àmọ́ 90 ènìyàn tó láti fi mọ̀ pé a wà láyé. Kò tó láti fi mọ ohun tó ń pa wá. Ní 2019 kan náà, Alicia Martin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé nínú àwọn tí wọ́n ti lò fún ìwádìí àìsàn àjogúnbá, nǹkan bí 79 nínú 100 jẹ́ ìran Yúróòpù. Bí wọ́n bá fi ohun tí wọ́n rí lára wọn ṣírò ewu àìsàn fún ìran Áfíríkà, ìpéye rẹ̀ máa ń fi ìlọ́po mẹ́rin àbọ̀ kéré sí ti ìran Yúróòpù. Wọ́n fi wá ṣe àmì lójú ọ̀nà, wọn kò mú wa délé.

Ẹ tún wo àtọ̀gbẹ. Àyẹ̀wò kan wà, HbA1c lorúkọ rẹ̀, tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí nínú ẹ̀jẹ̀ láti bí oṣù méjì sí mẹ́ta. Ní 2017, ìwádìí tó jáde nínú ìwé ìròyìn JAMA fi hàn pé lára aláwọ̀ dúdú tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS, àyẹ̀wò yìí lè sọ pé ṣúgà kéré ju bó ṣe rí lọ. Agbo ilé wo ló wà láàárín wa tí kò ní AS? Bí ẹ̀rọ bá gba nọ́ńbà yẹn láì béèrè irú ẹ̀jẹ̀ tí bàbá ní, á ní kí bàbá máa lọ sílé, kò séwu. Bàbá á lọ sílé lóòótọ́. Ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, egbò ẹsẹ̀ á kọ̀ kò ní jinná, ìgbà yẹn la ó tó mọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru òyìnbó. Bí a bá fi ìwé àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní Kùtọnu nìkan kọ́ ẹ̀rọ tiwa, kí ni á mọ̀? Á mọ ẹni tó rí owó ọkọ̀ àti owó àyẹ̀wò. Ìyá tó wà ní abúlé lẹ́yìn Kétu, tó fi àgbo wo ara rẹ̀ sàn tàbí tó kú sílé, kò sí nínú ìwé kankan. Ẹ̀rọ á ní ará abúlé kì í ṣàìsàn. Àṣìṣe Amẹ́ríkà náà kọ́ yẹn? Àwa fúnra wa la ó fi ṣe ara wa.

Àwọn kan ń sọ pé dókítà kò tó, pé ẹ̀rọ tó wọ́ sàn ju kò sí lọ. Rárá o. Ẹni tí kò rí àyẹ̀wò ṣe ṣì ń fura sí ara rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ sọ fún pé ara rẹ̀ le ti ká ìfura nílẹ̀. Àwọn mìíràn ní ká lé ẹ̀rọ lọ, kí ẹnikẹ́ni má fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ìyẹn náà kò gbè wá. Àìsí wa nínú ìwé ló sọ ẹ̀rọ di afọ́jú sí wa. Bí a bá tún fara pa mọ́, ojú rẹ̀ á fọ́ sí i. Ohun tó wọ́ ṣeé tún ṣe: nígbà tí Obermeyer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pààrọ̀ òṣùwọ̀n ẹ̀rọ yẹn, ìrẹ́jẹ inú rẹ̀ dín kù ní ìdá 84 nínú 100. Nítorí náà, ká fi ara wa sílẹ̀ fún ìwádìí, àmọ́ pẹ̀lú àdéhùn.

Kábíyèsí, ẹ̀yin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wá kí nígbà tí ètò tuntun bá fẹ́ wọ ìlú. Kí ẹ tó gbàdúrà fún wọn, ẹ bá wa bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní: ta ni ẹ fi dán an wò? Kí wọ́n fi èsì hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ti obìnrin, ti ọkùnrin, ti ará oko, ti ará ìlú, ti AS àti ti AA, láti ilẹ̀ wa níbí. Èkejì: kí ló ń wọ̀n, àìsàn ni àbí owó? Ẹ̀kẹta: tó bá ṣì wá lọ́nà, ta ni á dáhùn? Dókítà ló gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, aláìsàn sì gbọdọ̀ mọ̀ pé ẹ̀rọ dá sí ọ̀rọ̀ òun.

A kò tọrọ àánú. Òfin wà. Code du numérique ti Bẹ̀nẹ̀, ti ọdún 2018, dáàbò bo àkọsílẹ̀ ara ẹni, APDP sì ni ọ́fíìsì tó ń mójú tó o. Tógò náà ṣe òfin tirẹ̀ ní 2019. Kí ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí àwọn maire àti àwọn aṣòfin wa, kí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ìwé náà, kí àwọn ọba wa sì fọwọ́ sí i.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin àgbà wà lọ́jà. Ọmọ ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, orí rẹ̀ sì ti ń wọ́.