Ajẹ́ǹtì Ilé ní Gbági: Níbo ni Ìwé Àṣẹ Wà?

Ẹni tí ó bá ń wá ṣọ́ọ̀bù ní Gbági kì í pẹ́ rí ajẹ́ǹtì. Ọkùnrin kan yóò ti dìde lórí bẹ́ǹṣì, yóò ní òun mọ onílé. Onílé ọ̀hún tún ní ajẹ́ǹtì tirẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ajẹ́ǹtì náà ni kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí oníṣòwò tó tẹ́ aṣọ sórí káńtà, ó ti san owó ajẹ́ǹsì, ó ti san owó àgírímẹ́ǹtì, ó sì ti fún ẹni tí ó mú un lọ wo ibẹ̀ ní owó ọkọ̀. Bí ẹlòmíràn bá wá yọjú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pẹ̀lú rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù kan náà ńkọ́? Kò sí ọ́fíìsì tí wọn yóò wá ajẹ́ǹtì lọ. Nọ́ńbà fóònù nìkan ni wọ́n mọ̀, fóònù náà kò sì lọ mọ́.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Ní ọdún 1975 ni ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin nọ́ńbà 24, tí ó dá ìgbìmọ̀ ESVARBON sílẹ̀. Iṣẹ́ tí òfin náà fi lé àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ju dídíwọ̀n iye ilé lọ. Títa ilé, ríra rẹ̀ àti fífi í háyà gẹ́gẹ́ bí aṣojú ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìwé àṣẹ yìí yóò kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìṣàkóso ilé àti ilẹ̀ ní yunifásítì tàbí pólì (Ifẹ̀ ní ẹ̀ka rẹ̀, Pólì Ìbàdàn náà ní), yóò ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tí ó ti gba òǹtẹ̀, yóò sì yege nínú ìdánwò ẹgbẹ́ NIESV. Ọdún púpọ̀ ni. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ilẹ̀ ẹbí ní Ìbàdàn yìí. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá a tà lẹ́yìn Mógàjí, títà náà kò sí rárá lójú òfin. Bí Mógàjí bá tà á láìgba ohùn àwọn àgbà ẹbí, àwọn yẹn lè gba kóòtù lọ kí wọ́n sì yí i padà. Ajẹ́ǹtì tí kò mọ èyí, tí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ìwé ilẹ̀ wò ní Agodi, kí ni ó ń gba owó olówó fún?

Òfin ọdún 2022 tí ó lòdì sí fífi orísun owó burúkú pamọ́ tún dárúkọ ajẹ́ǹtì ilé ní tààrà. Ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML tí ó wà lábẹ́ EFCC, ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ó ń bá ṣòwò, kò sì gbọdọ̀ gba owó pépà tí ó ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ lọ́wọ́ ẹnì kan. Ọ̀dọ́ tí ó bá gbé àpò owó fún ọ̀gá tí kò mọ̀ ti fi ara rẹ̀ wewu.

Iṣẹ́ alárinà kì í ṣe iṣẹ́ àbùkù. Nínú hadith tí Abu Dawud gbà wá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fún àwọn alárinà ọjà ní orúkọ tí ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó pè wọ́n ní oníṣòwò, ó sì ní kí wọ́n máa fi sàárà kún òwò wọn nítorí ìbúra àti ọ̀rọ̀ asán tí ń wọ inú rẹ̀. Kí ẹni tí ń búra fún ayálégbé pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá sanwó ní ìrọ̀lẹ́ òní gbọ́ o.

Ẹ̀bi náà kò sì wà lọ́rùn àwọn ọ̀dọ́ nìkan. Òfin 1975 ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò dé ilé ẹ̀kọ́ gíga, kò sì sí ẹni tí ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ọ̀hún. Gánà ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2020, ó dá ìgbìmọ̀ tí ń fún ajẹ́ǹtì ilé ní ìwé àṣẹ sílẹ̀. Èkó náà ní LASRERA. Ó yẹ kí àwọn aláṣẹ ní Agodi rí i pé orúkọ àwọn tí ó ní àṣẹ wà ní gbangba ní Gbági, níbi tí oníṣòwò lè kà á. Ní báyìí, kí ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí wá ẹni tí ó ní òǹtẹ̀ lọ, kí ó kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó sì máa fi orúkọ ilé iṣẹ́ náà kọ rìsíìtì. Kí ẹni tí ń wá ṣọ́ọ̀bù náà béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ kí ó tó tú àpò.